Ọ̀gá Ẹgbẹ́ tí Wọ́n Rọ̀ Lóyè ní Iléṣà

Ilé wa,
Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà,
Oṣù Kẹjọ, 1995.

Bọ̀wálé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Òkè Fia, ní Òṣogbo níbẹ̀? Ṣé ara Tiwátọ́pẹ́ ìyàwó rẹ le? Ṣé ìjọba ń rántí san owó oṣù yín? Ọlọ́run tó mú wa la ẹ̀ẹ̀rùn já kò ní fi ẹ̀yin náà sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ikọ́ ti fi àwọn sílẹ̀, irọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní kí n kọ nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ kì í ṣe lásán, nítorí náà bí o bá rí ibi tó wọ́, bá mi tún un ṣe bí o ṣe ń kà á lọ.

O rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà odò wa, ibi tí Phebe tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ti yọ̀ ṣubú lọ́dún tó kọjá, tí ìbàdí rẹ̀ kò fi gún mọ́. Ibẹ̀ náà la ti ń pọnmi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kan wá bá wa láti Iléṣà, Ẹgbẹ́ Ọwọ́-Ìrànwọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Tíṣà wà nínú wọn, lọ́yà wà, nọ́ọ̀sì wà, mẹkáníìkì náà wà, gbogbo wọn sì wọ bàtà kánfáàsì. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Barnabas tó ń la pákó, ní àwọn fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa, àwọn ò ní gba kọ́bọ̀. Mo bi í léèrè ipò tó fẹ́ díje fún. Ó ní òun ò díje fún nǹkan kan, pé bí ẹgbẹ́ àwọn ṣe rí nìyẹn, àwọn á pàdé, àwọn á jẹun pọ̀, àwọn á sì wá ibi tí ẹrù ti wúwo kí àwọn bá wọn gbé e. Mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n a jọ gbẹ́ ilẹ̀ náà ni, Sátidé dé Sátidé, títí a fi kan omi. Ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi sókè ló kù, ó sì ṣèlérí pé yóò dé.

Nínú oṣù Keje, wọ́n pe àwa Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ìjọ wa sí àpèjẹ wọn ní Iléṣà. Gbọ̀ngàn náà tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ fèrèsé kan kò ṣí. Mo wò ó títí, mo rí i pé àpótí kan lára ògiri ni atẹ́gùn ti ń jò wọlé, mo bá fi ìborùn mi dí i fún wọn. Wọ́n bẹ̀ mí kí n yọ ọ́. Wọ́n tún ní ọkùnrin kan ni ọlọ́pàá ẹgbẹ́, mo sì lọ fi ẹjọ́ ewúrẹ́ wa tó sọnù sùn ún, àfi bó ṣe bu owó ìtanràn lé mi, ó ní mo sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mi ò san.

Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Barnabas dìde. Ṣéènì oyè ńlá kan wà lọ́rùn rẹ̀. Níṣojú gbogbo èèyàn, níṣojú ìyàwó rẹ̀, wọ́n bọ́ ṣéènì náà, wọ́n fi kọ́ Àpìkẹ́, nọ́ọ̀sì inú wọn, lọ́rùn, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí ìtìjú bá lójú agbo ni. Bọ̀wálé, inú mi bàjẹ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa yìí, ta ni wọ́n ń rọ̀ lóyè láìṣe pé ó ṣe aburú ńlá? Kí sì ni ọkùnrin yìí ṣe, bí kò ṣe pé ó ń fi gbogbo Sátidé rẹ̀ gbẹ́ kànga fún wa? Ó dá mi lójú pé torí tiwa ni. Mo dìde, mo gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó mú un dání, mo kúnlẹ̀, mo ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá oyè ọkùnrin yìí padà fún un. Bó bá jẹ́ torí omi wa lẹ ṣe bínú sí i, a ó máa lọ sódò."

Àpìkẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó gbé mi dìde. Ó ṣàlàyé pé ọdún kan péré ni ẹnikẹ́ni ń lò lórí oyè náà, ẹlòmíràn á sì gbà á, pé kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kankan. Mo ní ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé ó kàn ń tù mí nínú ni. Ta ni í fi ohun dídùn sílẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lé e? Nínú mọ́tò tó gbé wa bọ̀, a ti gbà pé kànga ti lọ nìyẹn. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ jù wá lọ, ọ̀gá tuntun kì í parí iṣẹ́ ọ̀gá àná, ṣebí o rí afárá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́nà oko wa, ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ ìró ọkọ̀. Àpìkẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ omi sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ta ló tún bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé e? Ọ̀gbẹ́ni Barnabas ni. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń po sìmẹ́ńtì, ẹni tó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ń pàṣẹ fún un, ó sì ń jẹ́ ẹ "bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í léèrè ẹni tó rán an níṣẹ́ nígbà tí kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní:

"Màmá, ṣéènì ni wọ́n gbà lọ́rùn mi. Wọn ò gba ọwọ́ mi."

Nígbà tí sìmẹ́ńtì gbẹ tán tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn, omi tú jáde. Phebe la ní kó kọ́kọ́ bù mu. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń wo garawa rẹ̀ bó ṣe ń kún, èmi náà sì sunkún ayọ̀.

Ìlú wá ní èmi ni kí n máa mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà, torí pé mi ò bẹ̀rù àwùjọ. Mo gbà, mo sì sọ fún wọn pé ọdún kan ni, lẹ́yìn náà Phebe ni yóò gbà á. Ariwo ta. Bàbá rẹ ní láti ìgbà táwọn ti dáyé, àwọn ò tíì rí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Mo ní wọn yóò rí i.

Wọ́n ti gbà mí sínú ẹgbẹ́ náà, Sátidé tó ń bọ̀ a ń lọ bá abúlé kan lọ́nà Àkúrẹ́ gbẹ́ tiwọn. Mo sì ti fún wọn lórúkọ rẹ, wọ́n ní àwọn ní ẹgbẹ́ ní Òṣogbo náà, wọn yóò wá ọ wá sí ọ́fíìsì. Má sá pamọ́. Fi owó bàtà kánfáàsì ránṣẹ́ sí mi, kí o fi owó adìyẹ tí a ó pa lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ kànga náà kún un. Má fi sí báńkì o. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi ni mo ni í, mo ní kí wọ́n wo ojú mi bóyá kò jọ tìrẹ, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Awakọ̀ ni kí o fi rán.

Lọ́dún tó ń bọ̀, máa bọ̀ nílé. Bí o bá rí i tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ lójú gbogbo ìlú, má bínú, má sì kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Jókòó, kí o máa pàtẹ́wọ́.

Olúwa yóò fi ẹni rere rọ́pò rẹ níbikíbi tí o bá ti dìde kúrò, ibi tó sàn jù bẹ́ẹ̀ ni yóò sì gbà ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Julianah.