Ṣọ́ọ̀bù Mẹ́sàn-án Tí Ọ̀gá Ní Kò Sí

Yàrá Òkè,
Ẹ̀yìn Ibùdó Rélùwéè,
Ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí àwọn ọmọ. Ó dá mi lójú pé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́, nítorí ojú ewé mẹ́ta ni lẹ́tà yín tó kọjá, ẹni tí ara ń ro kì í lè bá ènìyàn wí tó bẹ́ẹ̀. Ara tèmi le. Ẹẹ̀mejì ni mo ka ìbáwí yín. Ẹ ní kí n fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi fún un. Mo kàn bá a di gọ́ọ̀mù mú ni.

Ẹ rántí Bàbá Aláago, onílé mi. Ìlú yìí kò mọ̀ mí. Ní ilé ẹ̀kọ́, mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí n má sọ ju “ẹ jọ̀ọ́” àti “ẹ ṣé” lọ. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, Bàbá nìkan ló ń bi mí pé, “Ṣé o ti jẹun, àbí ìwé lo fi ń yó?” Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún aago ṣe nínú ọ̀kan lára ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án tó tò sẹ́yìn ògiri ibùdó rélùwéè.

Àdúgbò yẹn ni wọ́n fẹ́ wó láti fi kọ́ ilé gogoro mẹ́ta: ọjà àti ibùdó tuntun nísàlẹ̀, ọ́fíìsì láàárín, ilé gbígbé lókè. Nítorí pé iṣẹ́ ilé yíyà ni mò ń kọ́, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ wọn gbà mí láti máa fi páálí kọ́ ilé kéékèèké sórí tábìlì méjì. Ti òsì fi ohun tó wà nílẹ̀ lónìí hàn, ti ọ̀tún fi ohun tó ń bọ̀ hàn. Òfin ìlú ni pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lùwé pé tábìlì òsì kò fo nǹkankan. Ṣọ́ọ̀bù tó bá sì wà lórí rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ wó o títí wọn ó fi fún olówò rẹ̀ ní òmíràn nínú ilé tuntun.

Ẹ ẹ̀ rí ohun tí ọ̀gá ṣe. Ọjọ́ tí rélùwéè kò ṣiṣẹ́, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, ló rán àwọn tó ń ka ṣọ́ọ̀bù lọ. Wọ́n kọ ọ́ pé ilẹ̀ òfìfo ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Bàbá wá sí ọ́fíìsì, ó ń bẹ̀bẹ̀: “Ọ̀gá, awò tí mo fi ń wo inú aago wà níbẹ̀.” Ọ̀gá kò gbé ojú kúrò lára fóònù. “Bàbá, ẹ kò sí nínú ìwé. Ẹni tí kò sí nínú ìwé kì í ní awò.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi: “Ọmọ Gọ́ọ̀mù, lẹ koríko síbẹ̀ lórí tábìlì.”

Mo lẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lẹ̀ ẹ́, Bàbá sì ń wò mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ a máa rí nǹkan. Mo ti rí i pé ọ̀gá yìí kì í bẹ̀rẹ̀. Bí bíírò rẹ̀ bá bọ́, ẹlòmíràn ló ń ṣà á. Lórí tábìlì òsì, ẹ̀yìn ògiri ibùdó kò ṣeé rí àfi kí ènìyàn lọ lóṣòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án nínú yàrá mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju páálí ìṣáná lọ. Mo ṣe gọ́tà tó wọ́ lára ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Mo ya aago sára ilẹ̀kùn Bàbá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú ń bọ̀ wá yẹ àwọn tábìlì náà wò, mo ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Mo fi abẹ ha koríko náà kúrò, mo lẹ̀ wọ́n.

Àwọn mẹ́ta ló wá. Ọ̀gá na àyà: “Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ló wà lórí tábìlì yìí. Kò ku ẹyọ kan.” Ó bu ọwọ́ lùwé. Ìgbà náà ni ìyá kan nínú wọn tó ń lo awò ojú lọ lóṣòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. “Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ tiẹ̀ ya aago sára ilẹ̀kùn.”

“Aago wo?” ni ọ̀gá wí.

Ìyá náà wo ìta láti ojú fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìn ibùdó. Ó fi ìka kà wọ́n: mẹ́sàn-án nísàlẹ̀, mẹ́sàn-án lórí tábìlì. “Àwọn tí ẹ bu ọwọ́ lù, kí ló dé tí ẹ fi àgádágodo tì wọ́n?”

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀! Táì rẹ̀ wọ́ lórí òrùlé páálí. Bó bá ní èmi ni mo lẹ̀ wọ́n láìgbàṣẹ, ó ti jẹ́wọ́ pé òun fi wọ́n pamọ́ nìyẹn. Ó wò mí. Ohùn mi tí kì í kọjá ètè jáde ketekete: “Ọ̀gá, wọ́n ti wà nínú ìwé báyìí.”

Ó lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò dùn mí. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, ìyá ìgbìmọ̀ mú un wá láti ṣí àwọn àgádágodo náà fúnra rẹ̀. Ti Bàbá ti dípẹtà, ọ̀gá kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń làágùn. Bàbá dúró lórí rẹ̀, ó ní, “Rọra o, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ó pẹ́ sí i lórí ìkúnlẹ̀ yẹn.

Ẹ má bínú sí mi. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ó fún orúnkún yín lókun, kí àwọn ọmọ má pàdé ilẹ̀kùn títì.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ ní kò lè pa eṣinṣin.

Mo gbàgbé: mo gé ọkùnrin páálí kékeré kan tó de táì, mo fẹ́ fi í sí ojú fèrèsé ilé gogoro. N kò fi í síbẹ̀ mọ́. Inú àpótí mi ló wà, ó dojú bolẹ̀. Bàbá ní kí n jù ú nù. Mo ní mo gbọ́.

N kò tíì jù ú nù.