Gàrí Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Hàlímátù ìyàwó mi ń kí ẹ̀yin àti Màámi. Òtútù Toronto ti rọlẹ̀, ara wa le.

Rélùwéè kékeré àfiṣeré tí mò ń tò nísàlẹ̀ ilé ti dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí ẹ ti máa ń tún ojú irin ṣe nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Gàrí tí mo kùn lọ́dà ni mo fi ṣe koríko. Bí gọ́ọ̀mù olómi ṣe kàn án, ó wú, ó sì yọ̀ wálẹ̀. Hàlímátù ní, "Ẹ̀bà lẹ tẹ̀ yìí o!"

Eruku pákó ni mò ń lò báyìí. Bó yọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, màá tún un ṣe. Ẹ sọ fún mi, ṣé koríko òkè náà dé etí irin nígbà náà?

Ọlọ́hun á mú yín dé ọ̀dọ̀ wa níbí láyọ̀ tí ẹ bá ń bọ̀. Ojú yín ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n bí ìka yín bá kan òkè yìí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ wà kí n tó lanu.

Muhyideen yín