Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ "Òǹkọ̀wé" Sójú Oórì Àjàní

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Sìkírà. Ẹ kú ìtọ́jú ilé bàbá wa ní Ìsẹ́yìn, ẹ kú bí oòrùn ti mú tó. Èmi Àlàbí, àbúrò tí ẹ tọ́ dàgbà, ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní Ajégúnlẹ̀ níbí. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti dọ̀bálẹ̀, ẹ má bínú, omi òjò ló gba ilẹ̀ yàrá. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Sìkírà àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́tà méjì tí mo kọ ṣáájú, mo gbọ́ pé abẹ́ ẹní ni ẹ tẹ̀ wọ́n sí. Èyí, gbogbo Ìsẹ́yìn ni yóò kà á, kí n wá wo ẹní tí yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oórì Àjàní, àbúrò wa, ni. Ẹni tó ti ilé bọ̀ sọ fún mi pé bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì láti kọ nǹkan sójú rẹ̀, pé ẹ ní kó kọ "Akọ̀wé Wọ́ọ̀fù", kò sì gbọdọ̀ kọ "Òǹkọ̀wé". Ó ní ẹ ní ìwé aláwòrán kì í ṣe ìwé. N ò gbà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi: n ò gbà.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó bá mọ́tò lọ, ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí Àjàní ti kú, yàrá yìí ti dákẹ́ jù, kò sẹ́ni tí mo lè yọ lẹ́nu. Ni mo bá kó gbogbo ìwé tó kọ nípa Agbẹ́rùmámì jáde nínú àpótí, mo kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Agbẹ́rùmámì ni alábàárù Àpápá tí í gbé kọ̀ǹténà lérí bí igbá ẹ̀kọ, tó sì ń fò kọjá afárá Ìjọra lọ gba ẹni tí wọ́n bá ń rẹ́ jẹ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Àjàní ń kọ ọ́, ẹnì kan ń ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ń tà á lọ́jà Boundary níbí.

Òótọ́ ọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò dára, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo ń gbèjà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa ìyá Agbẹ́rùmámì. Olè tí ojú òsì rẹ̀ fọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ojú ọ̀tún ni yóò fọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ìgbà kan, àwọn télọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àwọn sínú ìtàn, ló bá jẹ́ kí akọni lo odindi ìwé kan níbi tó ti ń dúró de ṣòkòtò. Mo sọ fún un nígbà náà pé ṣòkòtò yẹn ni akọni, ẹni tó ń wọ̀ ọ́ kọ́.

Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan bí mo ti ń kà á lọ. Tírélà ni mo ń wà láyé ìgbà yẹn. Bí wọ́ọ̀fù bá dí, àwa awakọ̀ máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté Tin Can fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, abẹ́ ọkọ̀ là ń sùn, orí rímù là ń dáná. Àjàní, tó ń bá àwọn ajẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde kọ fọ́ọ̀mù, á wá jókòó sáàárín wa, á ka ìtàn ọ̀sẹ̀ náà fún wa kó tó lọ tẹ̀ ẹ́. Ibi tí awakọ̀ bá ti yán, á fagi lé e. Ará Wàrì kan á fi píjìn bú u pé ta ló ń gbé kọ̀ǹténà láìjẹun. Àjàní á tún un kọ, á fún akọni ní ẹ̀bà. Gbogbo ìwé rẹ̀ tó dùn, ìgbà tí ọ̀nà dí ló kọ wọ́n. Èyí tó bàjẹ́, ọkọ̀ ló ń yára wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, kò rí ẹni bú u. Kí ẹni tó ní kì í ṣe òǹkọ̀wé wá jókòó sáàárín awakọ̀ tí ebi ń pa, kó ní kí wọ́n bú òun, ká wò ó.

Mo mọ ìdí ìbínú yín gan-an. Ìwé ìyá tó ń ka ẹran ni. Ìyá burúkú kan tó ń ka ẹran inú ìkòkò kó tó sùn, tó tún ń kà á bó bá jí, tí í wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó báni wí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ìyá Sìkírà ni. Ẹ kò bá Àjàní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ lábẹ́ tírélà, mo wúkọ́ bíi tiyín, mo fi síbí ka ẹran tí kò sí níbẹ̀, àwọn awakọ̀ ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Àjàní bẹ̀ mí pé ká yọ ọ́, pé ẹ̀gbọ́n á bínú. Mo ní bó bá yọ ọ́, a ò ní gbọ́ ìtàn rẹ̀ mọ́ láéláé. Nígbà tí ẹ wá bínú, kò dárúkọ mi. Èmi náà ò dárúkọ ara mi. Ojú ń tì mí, ojú mi tí kì í tètè tì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ojú ewé kẹta ni ẹ ti já ìwé náà gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á fún yín. Ẹ ò mọ bó ṣe parí. Òpin yẹn, Àjàní nìkan ló kọ ọ́, kò kà á fún awakọ̀ kankan. Agbẹ́rùmámì já wọ ilé ìyá náà láti gba ẹran rẹ̀ pín. Ó bá àwọn ọmọ tí kò níyàá tí wọ́n yí iná ká, ìyá ń ka ẹran sáwo kọ̀ọ̀kan kí ti ẹni kékeré má bàa sọnù. Nígbà tó kà á tán, kò ku tirẹ̀. Omi ọbẹ̀ ló fi jẹ òkèlè. Akọni bá di ìkòkò yẹn mú, kò lè gbé e. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun kò tíì rí ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló dára jù.

Mo ti fi ìwé náà rán dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ nílé. Kí Sìkírà kà á fún yín tán kí bíríkìlà tó po sìmẹ́ńtì. Ìbínú tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi dè mí, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí mo bá sì dé tí n kò bá "Òǹkọ̀wé" níbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni màá fi gbẹ́ ẹ, ẹ sì mọ bí ìkọ̀wé mi ti rí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fojú kanra láyọ̀, kó fa ẹ̀mí yín gùn, kó forí ji Àjàní. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé, àtẹni tó bá ń bínú sí mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ìyà tọ́ sí,
Àlàbí