Sìmẹ́ńtì Ti Bo Àpáàdì Yín Mọ́lẹ̀

Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n tó kí yín, kí n tó sọ bí ilé ṣe wà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí jáde kí àyà mi lè fúyẹ́: ó jọ pé ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ohun tí ẹ fi kọ́ wa nípa ilé yìí máa parí sí. Àwọn ọmọ ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ń sọ ọ́, wọ́n ń yán.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ má bínú pé mi ò tètè kí yín. Ẹ mọ̀ mí, tí ọkàn mi bá ti dàrú, mo máa ń gbàgbé ìkíni.

Fúnmi ló fà á. Ó ti yọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì kúrò ní ilé ìwé. Ó ní ilé lòun á ti máa kọ́ wọn. Ní ilé wọn ní Mayfair, nínú ìlú wa níbí, ó ti sọ pálọ̀ di kíláàsì: bọ́ọ̀dù lára ògiri, tábìlì níbi tí àga onítìmùtìmù wà tẹ́lẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí. Mo ní ṣebí ilé ìwé náà lòun lọ kó tó dẹni tó ń kọ́ ọmọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, èmi àti bàbá wọn ti rò ó dáadáa." Ọmọ ti dàgbà kọjá ẹni tí à ń bá wí, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ló máa bá wọn ṣeré? Báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe ìdánwò tó bá yá? Ṣé ẹ̀yin ì bá gbà fún un? Mo rò pé ẹ ì bá kàn rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì gbé rédíò yín sétí.

Fúnmi ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ọkọ rẹ̀ ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Nígbà tó kan ìtàn, wọ́n ní èmi ni. Fúnmi ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lọmọ Bàbá Ìlódè, ta ló tún kù?" Inú mi dùn débi pé mo ra bírò tuntun. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, tí mi ò kà kọjá ibẹ̀, èmi náà di tíṣà.

Bàbá, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀hún le tó bẹ́ẹ̀. Mo wọ bùbá mi tó dáa, mo dúró níwájú bọ́ọ̀dù bíi tíṣà tó kọ́ wa nígbà yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ọba láti orí ẹni àkọ́kọ́. Mi ò tíì rìn jìnnà tí Àyọ̀, èyí àbúrò, fi gbé orí lé tábìlì. Ó ní, "Màmá Ìlódè, ṣé ó ṣì kù púpọ̀?" Tèmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti fẹ́ ga jù mí lọ báyìí, ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Òun náà ní, "Mà, ṣé a máa ṣe ìdánwò lórí ẹ̀? Tí a ò bá ní ṣe é, ṣé mo lè má kọ ọ́ mọ́?"

Àyọ̀ nawọ́ lọ́jọ́ kan, mo rò pé ìbéèrè gidi ló fẹ́ bi mí. Ó ní, "Ọba yẹn, nígbà tó wà ní kékeré, ṣé ìyá ẹ̀ máa ń nà án?"

Mo ní, "Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Àyọ̀. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí à ń kọ́."

Mo ti gbìyànjú bisikíìtì. Mo ti gbìyànjú orin. Mo ní kí wọ́n fi ṣe eré, kí Àyọ̀ jẹ́ ọba. Ó jókòó sórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ léra, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo kíláàsì tú ká, kí wọ́n lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ ẹ̀rín Fúnmi láti kíṣìnnì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bá mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Rírọ̀ yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má wàhálà ara yín mọ́. Obìnrin kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń fi àwòrán kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Tí oṣù yìí bá parí, òun la máa gbé e fún."

Obìnrin kan! Nínú fóònù! Ṣé ó mọ ọ̀nà Ìlódè ni? Mo wọlé, mo jókòó lórí ibùsùn, inú ń bí mi sí gbogbo ayé, ó sì ń bí mi sí ẹ̀yin náà. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ ò ní bọ́ọ̀dù, ẹ ò ra bisikíìtì fún ẹnikẹ́ni rí.

Ohun tí mo rántí ni òjò. Tí òjò bá ti dá, tí omi ṣì ń ṣàn lọ nínú àgbàlá, ẹ á ká ṣòkòtò yín dé orúnkún, ẹ á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ á sì pè wá. Níbi tí omi bá ti gbá yẹ̀pẹ̀ lọ, àpáàdì á yọ jáde. Ìkòkò fífọ́ ni, tí àwọn ará àtijọ́ tò ní ìdúró ṣinṣin, etí wọn kọ sókè, ìlà kan wọ inú ìkejì bí egungun ẹja. Ọ̀nà odidi ni wọ́n fi tẹ́, ó sì gba inú àgbàlá wa kọjá. Ẹ á ní ká di ojú, ká fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tó ti yà. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà débẹ̀. Àlejò ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Pásítọ̀ gan-an bọ́ tirẹ̀, inú rẹ̀ ò sì dùn.

Màmá mi ló sọ fún wa pé ọba obìnrin kan ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ, torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè lẹ máa ń bi wá: ta lẹ rò pé ó ní ìkòkò tó pọ̀ tó báyìí? Tí a bá dáhùn, ẹ á ní "Hẹ̀n-ẹ́n," ẹ á sì wọlé lọ jẹ iṣu yín. A ó wá máa bá ara wa jiyàn títí.

Mo wá rí i pé ibẹ̀ ló yẹ kí n mú wọn lọ. Mo ti ń sùn ní Mayfair láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí ẹ̀kọ́ yìí, ilé Ìlódè wà ní títì. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé a ò ní kàwé mọ́ títí òjò gidi á fi rọ̀. Fúnmi ní òun á bá wa lọ, òun fẹ́ rí i fúnra òun. Ojú tó fi wò mí nígbà tó ń sọ ọ́, mo mọ̀ pé èyí ni ìgbà ìkẹyìn tó máa fún mi láyè.

Òjò rọ̀, ó dá lọ́sàn-án, a kó sínú mọ́tò Fúnmi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kí gbogbo wọn bọ́ bàtà. Fúnmi wojú mi, ó bọ́ tirẹ̀ náà. Mo ní kí wọ́n di ojú. Mo di ọwọ́ àwọn ọmọ mú, Fúnmi di aṣọ mi mú lẹ́yìn, mo sì di ojú tèmi náà, ìgbéraga ni, torí mo mọ ibẹ̀ bí mo ṣe mọ ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ máa fi ẹsẹ̀ wò ó. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi."

Ẹsẹ̀ mi kan nǹkan tó tẹ́jú, tó ń yọ̀.

Àyọ̀ ló kọ́kọ́ la ojú. Ó ní, "Màmá Ìlódè, sìmẹ́ńtì nìyí o."

Gbogbo àgbàlá ni, Bàbá. Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn kànga, ó rí bí eérú, ó ń dán, omi òjò dúró lórí rẹ̀. Mo pe Ṣọlá, ọmọ bọ̀dá mi, ní Ìbàdàn.

"Mọ́mì! Ẹ ti délé! Ẹ ti rí i, àbí?"

"Ṣọlá, kí lo ṣe sí àgbàlá bàbá mi?"

"Mo ti da kọ́ńkéré sí gbogbo ẹ̀! Ìrántí Bàbá ti sún mọ́lé, ibo la fẹ́ ta kánópì sí, inú ẹrẹ̀? Ẹ̀yin náà ẹ ò ní yọ̀ ṣubú mọ́. Mo ní kí àwọn aládùúgbò má sọ fún yín, kó lè bá yín lójijì."

"Àpáàdì wá ńkọ́?"

"Àpáàdì wo, Mọ́mì?"

Kò mọ̀. Ìbàdàn ló dàgbà sí, tó bá wá sílé lọ́dún, koríko ló máa ń bá níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ó fẹ́ yẹ́ yín sí ni, ó sì bo ohun tí ẹ fẹ́ràn jù mọ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò gbọ́ nǹkan, mo dúpẹ́! Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń dúró kí Fúnmi sọ pé ká máa lọ.

Tèmi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé wọ́n hú u kúrò ni, àbí wọ́n kàn da sìmẹ́ńtì lé e lórí?"

Mo tún pe Ṣọlá. Ó ní wọn ò hú nǹkan kan, wọ́n kàn dà á lé e ni.

"A jẹ́ pé wọ́n ṣì wà nísàlẹ̀ ibí," Tèmi wí. Àyọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó gbé etí lé sìmẹ́ńtì, ó fi ọwọ́ kàn án kò-kò-kò. "Ẹ ńlẹ́ o! Ẹ̀yin ará ibí!" Fúnmi bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà gbé orí sókè, aṣọ rẹ̀ ti rin gbindin. Ó ní, "Ìkòkò wọn ló fọ́ ni, àbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ?"

"Tí gbogbo ìkòkò bá ti di ilẹ̀, kí ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀?" Tèmi ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Tí ọmọdé bá fọ́ ìkòkò nígbà yẹn, ṣé wọ́n máa nà án, àbí wọ́n máa kí i pé ó káre?"

Mo la ẹnu láti sọ pé ìyẹn ò sí nínú ohun tí à ń kọ́. Mo tún pa á dé. Mo ní, "Kí lẹ̀yin rò?" Bàbá, wọ́n fẹ́ bá ara wọn jà! Àyọ̀ ní wọ́n máa fún ọmọ náà lẹ́ran jẹ. Tèmi ní irọ́ ni, ìyá tó ni ìkòkò ò ní gbà. Fúnmi, ọmọ tèmi tó dàgbà, tó lọ sí yunifásítì, ní, "Ìyá yẹn á kọ́kọ́ nà án, á wá gba oríyìn fún ìkòkò náà." A wà níbẹ̀ títí omi fi gbẹ, tí oòrùn sì rọ̀. Kò sẹ́ni tó yán.

Tèmi ló wá mú àbá wá. Ó ní ká fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà náà sórí sìmẹ́ńtì, bí ó ṣe wà gan-an, kí àwọn tó bá wá síbi ìrántí yín lè bọ́ bàtà kí wọ́n tó kọjá. Fúnmi mú ṣọ́ọ̀kì wá láti inú mọ́tò. Ó rọra sọ fún mi pé obìnrin inú fóònù yẹn lè dúró ná. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yà á pé o, Mọ́mì. Wọ́n ti gbà yín gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ìlà kan, ìlà kejì, bí egungun ẹja, ọwọ́ mi rántí. Mo yà á títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ kànga. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ṣé apá ọ̀tún ló gbà ni, àbí apá òsì? Igi ọsàn la fi ń mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, wọ́n sì ti gé igi ọsàn. Bọ̀dá mi tó ì bá mọ̀, ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ẹsẹ̀ mi ló mọ ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ ò sì rí nǹkan tẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, gbogbo wọn ń wò mí.

Àyọ̀ ní, "Ẹ bi bàbá yín."

Tèmi gbá a lórí. "Wọ́n ti kú, olódo."

"Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí wọn, nígbà náà."

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn.

Ẹ wò ó, inú ṣì ń bí mi sí yín. Kí ló dé tó jẹ́ ìbéèrè nìkan lẹ fi sílẹ̀ fún wa? Kí ló dé tí ẹ ò pe ẹnì kan jókòó nínú wa, kẹ́ ẹ sọ pé ibí ló gbà, ibí ló ti yà, ibí ló parí sí? Ṣé ẹ rò pé ilẹ̀ náà ò lè lọ síbì kankan ni? Àwọn ọmọ ń bi mí lárààárọ̀ bóyá mo ti rántí. Mi ò fẹ́ pa irọ́ fún wọn. Mo lè kàn ya ibi tó bá wù mí, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣì í yà, bó ṣe máa wà lọ́kàn wọn títí láé nìyẹn, nítorí èké mi ni wọ́n á sì máa bọ́ bàtà.

Ọ̀tún kànga ni, Bàbá, àbí òsì? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀, a ó máa bá ara wa jiyàn lé e lórí.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìrántí ti dé tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí mi.