Ìka Tí Wọ́n Béèrè Níbi Ìdánwò

Màámi,

Ẹ kú àárò ọmọ. Àdìzát, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Ilo-Awela, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ike wa fi ọwọ́ ọ̀tún mi ṣeré díẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ti ń san.

Mo ti ṣe ìdánwò Jáḿbù tí mo fẹ́ fi wọ yunifásítì. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ìka wa wò ní, "Gbé àtàǹpàkò ọ̀tún síbí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká lo tòsì."

Ó wo báńdéèjì mi, ó sì sún ẹ̀rọ náà sí ọwọ́ òsì mi.

Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjì ni mo gbà nínú irinwó, Màámi! Mo mọ̀ pé dókítà oníṣẹ́ abẹ lẹ ń pè mí látìgbà kékeré, ṣùgbọ́n Àdìzát ní dókítà tí kì í di abẹ mú náà wà.

Ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé àbúrò mi. Ẹ má tíì wá wò mí o. Bí mo bá sì délé, ẹ má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi gbé oúnjẹ fún yín.

Èmi ọmọ yín,
Olúwayẹ́misí