Wọ́n Ní Ilẹ̀ Tí A Ń Na Òwú Sí Ṣófo

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé òkú kì í gba lẹ́tà. Bí Lèmọ́mù wa bá gbọ́ pé mo jókòó ti tábìlì tí mo ń kọ̀wé sí yín, ìwàásù ni yóò fi sin mí délé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní posọ́fíìsì Ṣakí, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ń ní kí wọ́n ka lẹ́tà mi fún yín: àkọ́kọ́ kí ẹ lè gbọ́ ohun tí mo kọ, èkejì kí ẹ lè gbọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù tí n kò kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ilẹ̀ iwájú agboolé wa ni. Káńsù fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i.

Mo ṣì ń rí yín níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jókòó sídìí òfì lábẹ́ àtíbàbà, òwú tí ẹ pa láró nà jáde níwájú yín bí ọ̀nà tóóró, ó gba orí ilẹ̀ náà kọjá títí dé ibi òkúta tó dì í mú lọ́hùn-ún. Bí ẹ ti ń hun ún ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹ̀yin ni òkúta náà ń bọ̀ wá kí. Àwa ọmọdé ìgbà náà, kí a tó mọ ìkíni àárọ̀ tán ni a ti mọ̀ pé a kì í fo òwú. Bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn, à á yí i po ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn awọnlẹ̀ káńsù wá. Ẹ mọ bí ọjọ́ Jímọ̀ ṣe máa ń rí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo ahunṣọ ti ká òwú wọn, wọ́n ti gbé òkúta ti ògiri, wọ́n ti gba mọ́ṣáláṣí lọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá láti Ìbàdàn yìí bá ilẹ̀ gbalasa, ó mọ́ tónítóní, koríko ò hù níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé òkúta tó ń wọ́ lórí rẹ̀ láti ayé bàbá yín ni kò jẹ́ kí koríko hù. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ tó ṣófo ni, kò sẹ́ni tó ni ín. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Ta ni wọn ì bá bi?

Ẹ ò mọ̀ pé mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín ilẹ̀ àti iṣẹ́ ní káńsù. Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ àgbàlagbà tó mọ̀wé láti àdúgbò wa, inú mi sì dùn, mo rò pé ìjókòó lásán ni. Nígbà tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà nípàdé, mo dìde.

“Alága, ilẹ̀ yẹn ò ṣófo.”

“Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá?”

“Òwú ni.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alága fúnra rẹ̀ ń nu ojú. Ọmọ ìlú wa ni, ìdílé ahunṣọ ni wọ́n ti bí i, àmọ́ ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi.

“Bàbá, òwú ṣeé ká. Ẹ bá wọn ká a, kí ìlú ó lè dàgbà.”

Mo jókòó. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ wálé, mo bá òkìtì yanrìn tí típà ti já sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà. Bàbá, a ò tíì ṣí ìwé àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ ọ̀hún. Àwa ìgbìmọ̀ ò tíì mọ ẹni tí yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n yanrìn ti mọ̀. Àtìgbà náà ni oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀. Ẹni tó lè já yanrìn sílẹ̀ kí á tó sọ̀rọ̀, kí ni kò lè ṣe lẹ́yìn tí a bá sọ̀rọ̀ tán?

Kò pẹ́ tí kọngílá, agbaṣẹ́ṣe tó ni yanrìn náà, fi wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kí mi tìyàwó tọmọ, ó sì so àgbò kan mọ́ ìdí igi ọdán kó tó lọ. Mo jókòó, mo ń wo àgbò, àgbò ń wo èmi náà. Bí mo bá fún un léwé, ṣé mo ti gbà á nìyẹn? Bí n kò bá fún un, tó bá kú síbẹ̀, ṣé wọn ò ní kó ọlọ́pàá wá bá mi? Ibẹ̀ ni Ràímì bá mi, àbíkẹ́yìn yín, òun ló jókòó sídìí òfì yín báyìí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé àgbò lẹ gbà ṣe ọdẹ aṣọ́lé ni?”

“Má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí á ronú ná.”

“Ẹ̀yin ẹ máa ronú. Èmi ń sìn ín relé.”

Ó tú u, ó fà á gba àárín ọjà kọjá, ó ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì, títí dé ilé kọngílá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí àwọn ará káńsù, ètè lásán ni wọ́n fi ń dáhùn.

Mo wá bẹ Alága pé kí ìgbìmọ̀ wá wo ilẹ̀ náà lọ́jọ́ iṣẹ́. Ó gbà, ó mú Ọjọ́rú. Bí ó ti mú ọjọ́ ni ẹ̀rù tuntun dé: òjò ńkọ́? Ta ló ń na òwú sínú òjò? Aró yóò ṣàn, òwú yóò já. Bí òjò bá rọ̀, wọn yóò tún bá ilẹ̀ lófìfo, yóò sì di pé àwọn fi ojú ara àwọn rí i. Bàbá, mo ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó jí nǹkan.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán bí mọ́tò káńsù ti ń yà wọ àdúgbò. Mo dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ fún Ràímì pé ó ti parí. Ó gbé òkúta rẹ̀, ó bọ́ sínú òjò, ó na òwú rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà gbé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí òwú fi bo ilẹ̀ náà láti òpin dé òpin, aró sì ń ṣàn wọlẹ̀. Òwú aṣọ ìgbéyàwó àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà lára rẹ̀. Ràímì nìkan ló lanu.

“Ẹ rọra o, ẹ̀yin ìjọba. Ẹ má tẹ ìyàwó oníyàwó mọ́lẹ̀.”

Kọngílá ló ṣáájú. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè kó fo òwú àkọ́kọ́. Alága wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbòjò. N kò rò pé ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Má fò ó. Yí i po.”

Kọngílá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn sì yí i po, tàwọn ti bàtà, wọ́n rìn jìnnà dé ìdí òkúta lọ́hùn-ún kí wọ́n tó lè kọjá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé ẹ̀rù mi yóò dín. Ṣùgbọ́n kí Alága tó wọ mọ́tò, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mo ti rí i, Bàbá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ ló wà nínú fáìlì. Lọ́jọ́ Ajé la ó parí ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó pẹ̀lú wa ò lè jẹ́rìí sí ilẹ̀ bàbá ẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan.”

A ò ní ìwé kankan lórí ilẹ̀ náà, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹnu ni a fi fún bàbá yín, ẹnu ni ẹ fi fi lé mi lọ́wọ́. Nínú àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, èmi nìkan ló kù láyé. Bí mo bá jókòó ti ìgbìmọ̀, mo ti yadi nìyẹn. Bí mo bá dìde kúrò, kò sí ojú tiwa kan nínú wọn mọ́. Bí wọ́n bá ní irọ́ ni mo ń pa ńkọ́? Bí Ràímì bá bínú sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì tì í mọ́lé ńkọ́?

Ṣé ẹ̀rù bà yín rí, Bàbá? N kò rí i lójú yín rí lọ́jọ́ kan. Àbí ẹ fi pamọ́ fún wa ni? Ibo lẹ fi í sí?

Òní ni Ọjọ́ Ajé ọ̀hún. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé mo ti kúrò nínú ìgbìmọ̀, ẹ̀rí ni mo fẹ́ wá jẹ́. Ẹ̀kọ àárọ̀ mi ti tutù síwájú mi. Ràímì ti wọṣọ, ó ń dúró. Mo ní kó máa ṣíwájú, èmi yóò tẹ̀ lé e. Ó ní rárá, ẹ̀gbọ́n ló ń ṣíwájú. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ̀yìn yín ni mo máa ń wà. Mo wo iwájú mi nísinsìnyí, kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí mo lè sá sí lẹ́yìn. Mò ń lọ, Bàbá.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín, tí àyà rẹ̀ ń já.