Ẹni Tí A Kò Kí Kú Àṣẹ̀yìndè

                                        Ilé Bàbá Zoubérou,
                                        Lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí,
                                        Manigri, Bassila,
                                        Benin.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Sakinatou,

Àlàáfíà kí ó máa bá yín gbé ní Parakou. Ṣé ara yín le? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ kírun lórí ìdúró? Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Al-Amin ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́, ṣé ó ń jẹun? Àwa náà wà níbí. Òjò ti ń rọ̀, koríko fẹ́ bo ebè iṣu mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn mí láti ibi ìroko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n mi! Ohun tí ojú mi rí lánàá, bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, màá ní irọ́ ló ń pa. Mi ò lè fi fóònù sọ ọ́, nítorí ọwọ́ Al-Amin ni fóònù yín máa ń wà, òun ló sì ń ka ohun gbogbo inú rẹ̀ sí yín létí torí ojú yín kò rí ọ̀rọ̀ wínníwínní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Salamatou wa, àbúrò yín, kú. Omi tí a fi wẹ̀ ẹ́ kò tíì gbẹ nílẹ̀ tí Bàbá Zoubérou, olórí ilé wa, ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì gbọ́, títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò tán: Zouléha tó ń múra BEPC ní Bassila, àti Al-Amin tó ń múra BAC lọ́dọ̀ yín. Wọn kò mọ bàbá wọn dáadáa kó tó kú, ìyá nìkan ni wọ́n ní. Bàbá ní bí wọ́n bá gbọ́, gbogbo ìwé tí wọ́n kà yóò dà nù. Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin sọ fún Al-Amin pé ìgbéyàwó lẹ wá jẹ ní Manigri. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa lọ èlùbọ́, kí n dì í bí Salamatou ti máa ń dì í, kí n gbé e fún Kamarou tó ń fi alùpùpù kó èrò lọ sí Bassila, kí ó sọ fún Zouléha pé ìyá rẹ̀ kí i. Bí ọmọ náà bá pè, a ó ní ìyá wà lóko, níbi tí fóònù kì í ti í mú. A ṣe é títí dé ibi tí èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Àfi bí ìwà Zouléha ṣe ṣàdédé yí padà bìrí. Ẹ mọ ọmọ yẹn, tí kì í kí àgbà lórí ìdúró. Rabiatou tó gbà á sílé ní Bassila ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ wa ti di jàgídíjàgan. Ó fi àga lu ọmọkùnrin kan ní kíláàsì. Ó ń jókòó láàárín àwọn ọlọ́kadà, ó ń yọ ṣùtì sí àwọn tó ń kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ ní kó lọ jókòó sílé fún ìgbà díẹ̀, ó ní kò kan òun. Èyí tó wá bí gbogbo ènìyàn nínú ni ti Munawwarah, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ tó sì kú ní Alédjo. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí i, wọ́n ń bá a sunkún. Zouléha dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní: "Ṣé ẹkún ló máa jí i?" Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù ú. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní ọmọ yìí kò láàánú, Bassila ti bà á jẹ́. Mo tilẹ̀ ń dúpẹ́ pé kì í wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ mọ́, ó dín irọ́ pípa kù fún wa.

Ìdánwò parí. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èmi àti Bàbá Zoubérou lọ sí Bassila láti tú ọ̀rọ̀ náà fún un. Rabiatou tẹ́ ẹní fún wa ní àgbàlá. Zouléha jáde, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ká apá mọ́ àyà, kò kúnlẹ̀. Ẹ mọ Bàbá náà, bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ilé ń jó, wọn yóò kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ọ̀hún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, wọ́n ní kò sí ẹ̀mí tí kò ní tọ́ ikú wò. Wọn kò tíì dé ibìkan tí ọmọ náà fi Faransé gé ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

"Sé bọ́n, Bàbá. Ó tó. Mo mọ̀ pé ìyá mi ti kú."

Mo ní ta ló sọ fún un. Kamarou ni mo ti fẹ́ máa bú.

Ó ní kò sí ẹni tó sọ fún òun. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú náà, òun pe ìyá òun, kò gbé e, ara òun kò sì lélẹ̀, ni òun bá gun alùpùpù wá sílé. Nígbà tí òun dé ibi oko kajú tó wà lẹ́nu ìlú, òun rí àwọn ọkùnrin agbolé wa tí wọ́n gbé òkú lọ sí ibi ìsìnkú tó wà níbẹ̀. Ó mọ aṣọ tí a fi bò ó, aṣọ aláwọ̀ ewé tí ẹ rà fún Salamatou. Ó dúró sẹ́yìn igi kajú títí wọ́n fi sin ín tán, ó sì padà sí Bassila.

"Lọ́jọ́ kejì," ó ní, "Kamarou gbé èlùbọ́ wá, ó ní ìyá mi kí mi. Mo ní kó bá mi kí i."

Ẹ̀gbọ́n mi, èlùbọ́ tí èmi fi ọwọ́ ara mi dì! Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ọwọ́ lérí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ, kí ló dé tí kò sunkún. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọmọdé. Ó ní: "Tàǹtí, ẹ̀yin àgbà ní kò kú. Bí mo bá sunkún, ṣé kì í ṣe pé mo pè yín ní òpùrọ́? Ta ló sì máa bá mi sun ún?" Ó ní nígbà tí wọ́n ń kí Munawwarah kú àṣẹ̀yìndè, tí àwọn ìyá ń gbá a mọ́ra, ṣe ló dà bíi kí òun fọ́ nǹkan. Ó ní: "Gbogbo ènìyàn ló kí i. Èmi, ta ló kí mi?"

A máa ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, mi ò mọ̀ pé ọmọ tèmi ló ń gbé inú rẹ̀.

Bàbá Zoubérou, tí kì í ṣí fìlà níwájú ọmọdé, ṣí fìlà. Wọn kò ṣe àlàyé kankan mọ́. Wọ́n ní: "Zouléha, kú àṣẹ̀yìndè ìyá rẹ. Ọlọ́run yóò fi àlùjánnà kẹ́ ẹ." Ọmọ náà tu ṣingọ́ọ̀mù sí àtẹ́lẹwọ́, ó kúnlẹ̀ kí ó lè dáhùn bó ti yẹ, ó ní, "Àmín, Bàbá," ó sì bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ń pe "Màmá" bí ìkókó. Àwọn aládùúgbò sáré wọlé, wọ́n rò pé ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ kú. Mi ò sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa kí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Bàbá sọ lójú ọ̀nà nígbà tí à ń padà bọ̀, pẹ̀lú omi lójú wọn. Wọ́n ní kí a ṣì fi ti Al-Amin sílẹ̀ títí di ẹ̀yìn BAC, pé kò pẹ́ mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà. Zouléha ti sọ nǹkan kan sí mi létí. Ó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Al-Amin máa ń pe òun, tí yóò béèrè ìyá wọn, tí òun náà yóò sì pa irọ́ wa fún un pé ìyá wà lóko. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tí kò béèrè mọ́. Ẹ̀yin náà sọ fún mi lórí fóònù, lọ́jọ́ kan tó fi í sílẹ̀ fún yín, pé ó ti di ọkùnrin, pé ó ń bá àwọn ọmọ àdúgbò jà, ó ń rẹ́rìn-ín sókè, kò sì fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ dà yín láàmú mọ́. A jọ dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni à ń dúpẹ́ fún? Àbí òun náà ti mọ̀?

A lè tún BAC ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún un, ẹ má dúró de Bàbá, bí wọ́n bá bínú, ẹ ní èmi ni. Rabiatou kí yín. Bàbá gan-an ì bá kí yín, wọn kò mọ̀ pé mo ń kọ̀wé ni.

Zouléha fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà yìí wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò gbọdọ̀ dá nìkan wà nínú ọ̀fọ̀ yìí mọ́. Mo mọ̀ pé bó ti jókòó sí pálọ̀ yín yìí, ojú líle yẹn ló tún gbé wọ̀, ó lè má tilẹ̀ kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bá a wí. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kí i, lẹ́yìn náà kí ẹ jọ lọ kí Al-Amin.

Èmi ni àbúrò yín tó kù,
Moufidatou.